Afẹ́fẹ́ Kò Mọ Àṣà: Kí Ló Yẹ Kó Wà Lábẹ́ Kílìtì?

Ní ọdún 1997, nígbà tó kù díẹ̀ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Hong Kong padà fún Ṣáínà, àwọn ọmọ-ogun Black Watch láti Skọ́tílándì wà níbi ayẹyẹ kan ní gbangba, gbogbo wọn nínú kílìtì, wọ́n dúró ṣánṣán bí igi. Afẹ́fẹ́ kan ṣàdédé gba ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn wọlé. Aṣọ gbéra nílẹ̀, ìdí ọmọkùnrin náà sì yọ sí gbangba, kámẹ́rà àwọn oníròyìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán yẹn rin ìrìn àjò ju sójà náà fúnra rẹ̀ lọ. Yorùbá ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. A máa ń fi í pòwe ni. Ti Hong Kong kì í ṣe òwe.

Sójà náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ṣe ló ṣe: kò wọ pátá. Ohun tó mú mi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọmọ wa tó ń gbé Glasgow, Aberdeen àti Edinburgh ti ń di ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó níbi ìgbéyàwó àwọn ará ibẹ̀, àwọn mìíràn sì ti di àna wọn pátápátá. Wọn á lọ háyà kílìtì ní ṣọ́ọ̀bù, wọn á gbé e délé, wọn á wá dúró níwájú dígí, wọn á máa ro ohun kan tí ojú ń tì wọ́n láti bi ẹni tó háyà á fún wọn.

Ẹni tí kò bá tíì sún mọ́ kílìtì lè pè é ní síkẹ́ẹ̀tì kó sì máa rẹ́rìn-ín. Kó rọra. Kílìtì gidi máa ń gba nǹkan bíi yáàdì 8 aṣọ irun àgùntàn. Ẹni tó bá ti ra aṣọ ẹbí rí mọ̀ pé èyí kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kó pílíìtì sí, ọ̀kan lé ọ̀kan. Iwájú rẹ̀ tẹ́jú, apá méjì ló wọ́ léra wọn. Etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ máa ń dé àárín orúnkún. Àpò awọ kan tí wọ́n ń pè ní sporran ń fì níwájú lórí ẹ̀wọ̀n, nítorí pé kílìtì fúnra rẹ̀ kò ní àpò. Àti pé ta ni àwa Yorùbá jẹ́ láti máa fi ọkùnrin tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀? Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń wọ yẹ̀rì, ó ń jó, ó ń pòyì, aṣọ ń fò lókè, ẹnikẹ́ni kò sì pè é lóbìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ yẹ̀rì náà dáadáa: ṣòkòtò wà níbẹ̀.

Ní Skọ́tílándì, ọ̀rọ̀ abẹ́ kílìtì dà bí ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ eégún. Ẹni tó mọ̀ kì í sọ, ẹni tó bèèrè kò gba ìdáhùn gidi. Bí ẹ bá bi ọkùnrin kan ohun tó wọ̀ sábẹ́, á ní bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ni. Ẹni tó bá wá kọ pátá sílẹ̀, wọn á ní òun gan-an ni ọmọ Skọ́tílándì tòótọ́. Ní ọdún 1968, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àwàdà yìí ṣe odindi fíìmù, Carry On Up the Khyber. Nínú rẹ̀, àwọn ará ìlú kan bẹ̀rù sójà onísíkẹ́ẹ̀tì nítorí wọ́n gbà pé wọn kì í wọ nǹkan kan sábẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ká pátá mọ́ ọ̀kan nínú wọn nídìí ni ẹ̀rù náà parẹ́, ni ọ̀tẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń pè é ní àṣà ìṣẹ̀ǹbáyé nìyí.

Ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, aṣọ tí àwọn ọkùnrin òkè Skọ́tílándì ń wọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń háyà lónìí. Aṣọ ńlá kan báyìí ni. Wọn á tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí bẹ́líìtì, wọn á ká àárín rẹ̀ ní pílíìtì, wọn á dùbúlẹ̀ lé e, wọn á dì í mọ́ ìbàdí, wọn á dìde, wọn á sì da ìyókù bo èjìká. Òun ni aṣọ ọ̀sán, òun ni kúbùsù òru, òun náà ni wọ́n fi ń gba òjò. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀wù gígùn kan wà, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n sábà fi ń rán an, ó máa ń dé itan tàbí orúnkún. Léine ni wọ́n ń pè é ní èdè Gaelic. Ní ogun Kilsyth, lóṣù kẹjọ ọdún 1645, ooru mú, ìtàn sì sọ pé àwọn ọmọ-ogun ọ̀gágun Montrose bọ́ aṣọ ńlá náà jù sílẹ̀, wọ́n fa etí ẹ̀wù abẹ́ gba àárín itan, wọ́n so ó, wọ́n sì kọjú sí ọ̀tá. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n so yẹn, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí bàǹtẹ́?

Àwọn baba ńlá wọn kò wọ pátá nítorí pé pátá bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí kò tíì dé. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé irun àgùntàn ni wọ́n fi ń gbo ìdí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun kan wà láàárín.

Kílìtì kékeré, èyí tó wá di ti òní, bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọ̀pọ̀ ìtàn gbé ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Rawlinson, tó ń yọ́ irin ní Glengarry láàárín ọdún 1720 sí 1730, tó rí i pé aṣọ ńlá ń dí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ló bá ní kí wọ́n gé apá òkè kúrò. Àwọn ará Skọ́tílándì kan kò fẹ́ gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló dá kílìtì sílẹ̀, mi ò sì ní dá sí ìjà ẹbí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn ará òkè ní Culloden ní April 16, 1746, ìjọba ṣòfin pé kí ọkùnrin kankan má wọ aṣọ òkè mọ́: ẹ̀wọ̀n oṣù 6 fún ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú, ìfiránṣẹ́ sókè òkun fún ọdún 7 bó bá tún un ṣe. Òfin yìí wà títí di 1782. Àwọn tí kò kàn ni àwọn sójà tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òkè.

Nítorí náà, inú bárékè ni kílìtì sá sí fún ọdún 35, ọwọ́ sójà ló sì ti jáde padà sáyé. Sójà ló mú àṣà ìhòòhò abẹ́ lágbára. Àwọn ògbólógbòó sójà ṣì máa ń sọ ìtàn dígí tí wọ́n so mọ́ orí ọ̀pá, tí ọ̀gá fi ń yẹ abẹ́ wọn wò nígbà tí wọ́n bá tò, kó lè mú ẹni tó bá jí pátá wọ̀. Bárékè kì í béèrè bóyá nǹkan mọ́gbọ́n dání. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ ò ní wọ̀ ọ́.

Ẹni tó wá sọ kílìtì di aṣọ ayẹyẹ gbogbo ìlú ni Ọba George Kẹrin, nígbà tó bẹ Edinburgh wò ní 1822, tí òǹkọ̀wé Walter Scott ṣètò gbogbo ètò náà. Ọba wọ kílìtì fún wọn. Ṣùgbọ́n ó wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn aláwọ̀ ara sí i, ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, àwọn ayàwòrán ẹlẹ́yà sì fi í ṣe oúnjẹ. Ọba tó gbé kílìtì lárugẹ kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan òun lára.

Ìgbà tí ogun gidi dé ni a tó mọ ohun tí kílìtì ń ṣe sí ara. Ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù láàárín 1914 sí 1918, àwọn sójà oníkílìtì wà nínú kòtò ogun tí ẹrẹ̀ kún. Ẹrẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ etí aṣọ, bí òtútù bá mú un, á le bí abẹ, á máa gé wọn lẹ́yìn orúnkún. Inú pílíìtì wá di ilé iná. Pílíìtì gbóná, ó ṣókùnkùn, ìránṣọ rẹ̀ pọ̀. Níbo ni kòkòrò tún ń wá? Wọ́n ń fi àbẹ́là jó ojú ìránṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹyin iná lè bẹ́. Lọ́dún 1917, Jámánì mú gáàsì mọ́sítáàdì dé, èyí tó ń jó ara níbi tí òógùn bá wà: abíyá, àárín itan, abẹ́. Ẹ ro ó wò fún ẹni tí kò wọ nǹkan kan. Nígbà tí ogun mìíràn bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba ní kí kílìtì má lọ sójú ogun mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn sójà Cameron Highlanders kan ṣì fi í jà ní Faransé ní 1940.

Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ni ìgbéyàwó. Kí ni tiwa?

Kò sí àrùn kan tó ń bá ènìyàn nítorí pé kò wọ pátá fún ọjọ́ kan. Atẹ́gùn dára fún abẹ́. Làpálàpá tó ń mú àárín itan fẹ́ràn ibi tó gbóná tó sì ń làágùn, ibi tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ara, kílìtì sì ń jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ ju ṣòkòtò lọ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tilẹ̀ ti dá sí i. Ní ọdún 2013, olùwádìí ará Netherlands kan, Erwin Kompanje, kọ̀wé sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà Skọ́tílándì pé níwọ̀n ìgbà tí kórópọ̀n nílò láti tutù díẹ̀ ju ara yòókù kó tó lè ṣe àtọ̀ tó dáa, ẹni tó ń wọ kílìtì láìsí pátá lè jàǹfààní. Ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ló kó jọ. Kò kó ọkùnrin jọ kó wọn nǹkan wọn. Àwọn tó wọn nǹkan ni àwọn olùwádìí Harvard kan tí wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde ní 2018: nínú ọkùnrin 656, àtọ̀ àwọn tó ń wọ pátá tó tú, irú bọ́kísà, fi ìdá 25 nínú 100 ki ju ti àwọn tó ń wọ èyí tó fún mọ́ra. Ẹ kíyè sí i: pátá tó tú ni wọ́n wọ̀. Wọn kò wà níhòòhò.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni aṣọ náà. Irun àgùntàn ń họ ara. Ó ń fa omi mu, débi pé ó lè gba nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ ní omi kó má tilẹ̀ dà bí ohun tó tutù lọ́wọ́. Òógùn ni, ìtọ̀ díẹ̀ tó kù lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. A kì í sì í ju kílìtì sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Á súnkì, pílíìtì rẹ̀ á bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ dírákílínà ló ń lọ, owó ńlá sì ni, nítorí náà kì í lọ lóòrèkóòrè. Aṣọ tí baba ń fi sílẹ̀ fún ọmọ ni. Pátá tí ẹ wọ̀ lónìí, ẹ ó fọ̀ ọ́ lọ́la. Kílìtì tí ẹ fi ìdí lásán jókòó lé lónìí, ó lè di ọdún tó ń bọ̀ kí omi oògùn tó kàn án.

Ti èyí tí a háyà tilẹ̀ burú jù. Ta ló wọ̀ ọ́ ní Sátidé tó kọjá? Kí ló mu? Mélòó ló jó? Ní ọdún 2010, Brian Wilton, tó jẹ́ olùdarí àjọ Scottish Tartans Authority nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé kí àwọn èèyàn lo ọgbọ́n orí, kí wọ́n wọ pátá, pé ìwà ọmọdé àti ìwà ọ̀bùn ni láti máa kọ̀ ọ́. Àwọn kan bínú sí i gan-an. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù, pàápàá fún aṣọ àyálò. Ẹni tó ra tirẹ̀ lè ṣe bó ṣe wù ú nínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tó bá yá aṣọ wọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ gba irú ogún bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fi kílìtì ṣiṣẹ́ ti parí ìjiyàn yìí tipẹ́. Àwọn tó ń jó ijó òkè níbi ìdíje ń wọ pátá tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn tàbí tó bá kílìtì mu. Òfin ìdíje ni. Àwọn abàmì ọkùnrin tó ń ju òpó igi sókè níbi eré òkè, irú ti Braemar tó máa ń wáyé lóṣù kẹsàn-án, ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ra ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́. Àwọn sójà pàápàá, wọ́n ní wọ́n máa ń gbà kí wọ́n wọ nǹkan nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jó níwájú àwọn obìnrin.

Pátá wo wá ni? Bí itan yín bá ń kan ara wọn nígbà tí ẹ bá ń rìn (ẹ má purọ́, lẹ́yìn ọdún 35 ti ọ̀pọ̀ wa ń kan ara), pátá kékeré onígun mẹ́ta kò ní gbà yín. Kò sí ṣòkòtò láàárín itan méjèèjì. Òógùn á dé, ara á fi gbo ara, nígbà tó bá fi di agogo mẹ́wàá alẹ́ ẹ ó máa ya ẹsẹ̀ rìn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dákọ. Bọ́kísà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó gba ara mú díẹ̀, tó dé ìdajì itan, ni mo fọwọ́ sí. Kó jẹ́ òwú. Kó má gùn ju ìdajì itan lọ, torí bí ẹ bá jókòó, etí kílìtì á sún sókè. Bọ́kísà tó tú gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dára fún afẹ́fẹ́ àti fún àtọ̀, àmọ́ ó máa ń ká jọ sókè, ó sì lè yọjú láìpè é. Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Dúdú, tàbí búlúù tó ṣú. Funfun ń tàn yanran lábẹ́ kílìtì bí iná mọ́tò lóru. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè fún odindi ọjọ́ kó fi òwú sílẹ̀, nítorí òwú tó bá ti tutù kì í tètè gbẹ. Irun àgùntàn múlọ́múlọ́, irú tí wọ́n ń pè ní merino, ló yẹ é. Kó má sì gbàgbé pé eégbọn wà nínú koríko òkè Skọ́tílándì, ó ń gbé àrùn Lyme kiri, kò sì bọ̀wọ̀ fún àṣà. Kòkòrò kékeré tí wọ́n ń pè ní midge náà wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀rùn wọn. N kò ní sọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ èèyàn.

Bí ẹnì kan bá sì ti búra pé òun kò ní wọ pátá láéláé, àwọn léine àtijọ́ ti fi ọ̀nà hàn án. Kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó gùn gan-an, kó fa ìdí rẹ̀ sábẹ́ ara nígbà tó bá ń jókòó. Inú kílìtì ní aṣọ ìtẹ́nú lókè lápá ìbàdí nìkan. Ibi tí ìdí ti ń kan àga, irun àgùntàn lásán ló wà níbẹ̀.

Ìmọ̀ràn mélòó kan kù. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, kí ẹ so okùn wọn tán, kí ẹ tó ró kílìtì. Ẹni tó bá tẹ̀ba so bàtà nínú kílìtì ti ṣe Hong Kong tirẹ̀ nínú yàrá. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó, ẹ fi ọwọ́ gbá pílíìtì ẹ̀yìn sábẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe síkẹ́ẹ̀tì, ẹ pa orúnkún pọ̀, kí ẹ jẹ́ kí sporran sọ̀ sáàárín itan. Iṣẹ́ tí ìwúwo rẹ̀ wà fún nìyẹn. Ní ilé ìgbẹ́, ẹ gbá gbogbo pílíìtì mọ́ra síwájú kí ẹ tó jókòó, torí yáàdì 8 rọrùn láti já sínú omi. Bí ijó bá dé, ẹ fa sporran sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, nítorí àwọn ijó wọn kan wà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ mú ara wọn pòyì, aṣọ á sì ṣí bí agbòòrùn.

Ohun kan tí kì í ṣe àwàdà: àwọn kan wà tí ọtí bá ti wọ̀ lára tí wọ́n gbà pé àwọn ní ẹ̀tọ́ láti gbé kílìtì ọlọ́kílìtì sókè wò. Ilé ọtí kan ní Inverness ní láti jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ọtí níbẹ̀ padà sí ṣòkòtò nítorí ọwọ́ àwọn obìnrin oníbàárà. Ta ló máa ń gbé agbádá bàbá oníbàbá sókè láti wo ṣòkòtò rẹ̀? Skọ́tílándì ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ọdún 2010 kí ẹnikẹ́ni ki kámẹ́rà bọ abẹ́ aṣọ ẹlòmíràn. Òfin irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales ní April 2019, kò sì ya ọkùnrin inú kílìtì sẹ́yìn. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tó wà lábẹ́, ẹ dá wọn lóhùn bí àwọn onílé ti ń dáhùn, pé bàtà ni. Bí wọ́n bá na ọwọ́, ẹ gbá ọwọ́ náà dànù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n ti pè sí ìgbéyàwó, ẹ ra bọ́kísà òwú dúdú méjì. Ẹ wọ ọ̀kan, ẹ ká èkejì sínú ọ̀rá, kí ẹ fi í sínú sporran, kí ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ijó. Kí ẹ tó dá aṣọ padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ajé, ẹ dákun, ẹ tú sporran náà wò.